Ta Ló Ń Rẹ́ Amọ̀ Lábẹ́ Ilé?

Òótọ́ ni ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí. Àwọn tó ṣojú wọn kò tíì kú. Mo bá mẹ́rin nínú wọn sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, n kò sì jẹ́ kí ẹnì kan mọ ohun tí ẹnì kejì sọ fún mi. Ọ̀rọ̀ wọn kò yàtọ̀ síra. Ibi tó dùn ún bu iyọ̀ sí, n kò bu iyọ̀ sí i. Ibi tí kò yé mi, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Agbẹ̀bí ni gbogbo èèyàn ń pe obìnrin náà. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi gbẹ̀bí kó tó fẹ̀yìn tì. Bí o bá ju òkò ládùúgbò rẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ gbà sáyé lo máa bà. Kì í pariwo. Ó máa ń sọ pé àwọn aboyún ti bá òun ké èyí tó kan òun. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára ohun tó bá ń ṣe.

Ilé oníyàrá mẹ́rin ló ń gbé. Òun àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni, pẹ̀lú ọmọ tuntun tó jẹ́ ọmọ ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Bàbá ọmọ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú mìíràn. "Ìyàwó" ni Ìyá Agbẹ̀bí ń pe ọmọbìnrin náà, èmi náà á sì máa pè é bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ilé náà dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀ láti ojú títì lọ sẹ́yìn. Sókàwéè wà lápá ọ̀tún, nítòsí títì: kòtò ńlá tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ, tí wọ́n da kọnkéré bò, tí ìdọ̀tí ilé ìgbẹ̀ ń lọ sí. Kànga wà lẹ́yìnkùlé, nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́ náà. Ilé mọ́kànlá ló ń mu omi kànga yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwọn oníwáyà dé. Wọ́n ń ri wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ ní ẹ̀bá títì, láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò dé òpin rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n: fómàn wọn, ẹni tó ń wa katakata tó ń gbẹ́lẹ̀, àti lébìrà kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ìyá Agbẹ̀bí jáde bá wọn kí eyín katakata tó kan ilẹ̀.

"Fómàn, páìpù ilé ìgbẹ̀ wa gba ibí kọjá." Ó fi ẹsẹ̀ fa ìlà sórí iyẹ̀pẹ̀. "Láti ibí dé ọ̀hún. Sókàwéè wa ló wà lábẹ́ kọnkéré yẹn."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà méjì péré la ń gbẹ́."

"Páìpù náà kò jìn tó bẹ́ẹ̀."

"Màmá, iṣẹ́ wa nìyí. Ọdún kẹsàn-án mi rèé nídìí ẹ̀."

Kò bá a jiyàn. Ó wọlé, ó gbé àga sójú fèrèsé, ó jókòó. Nígbà tó ṣẹlẹ̀, ó gbọ́ ọ. Gbà! Bí ìgbà tí egungun bá ṣẹ́. Katakata dákẹ́. Ẹni tó ń wà á yọrí síta, ó wo ilẹ̀, ó wo Fómàn. Fómàn ju ọwọ́ síwájú. Katakata tún bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Agbẹ̀bí jáde.

"Òkúta ni, Màmá," Fómàn sọ, kó tó béèrè rárá.

Kó tó di aago mẹ́rin wọ́n ti da iyẹ̀pẹ̀ bo wáyà wọn, wọ́n ti fi ẹsẹ̀ kì í mọ́lẹ̀, wọ́n ti lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ilé ìgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mí. N kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún un. Bí wọ́n bá da omi sí i, omi á dúró, á ronú, á wá rọra lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, láti inú páìpù, ohùn kan á jáde, gbulu, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tí kò tíì fẹ́ dìde. Òórùn kan rọra gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé. Ní ojú ibi tí wọ́n gbẹ́, ilẹ̀ tutù. Ìtutù náà kò ju ojú àwo ìjẹun kan lọ.

"Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ da omi síbẹ̀ mọ́," Ìyá Agbẹ̀bí sọ. Ó mú ìwé àjákọ kan, ó kọ ọjọ́ àti aago. Ó ní kí Ìyàwó fi fóònù ya ibi tó tutù náà, kó yà á láti òkèèrè, kó yà á nítòsí, kó fi bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ó pe nọ́ḿbà tó wà lára pátákó àwọn oníwáyà. Obìnrin kan gbé e. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ àwọn kò sọ pé àwọn ba nǹkan kan jẹ́. Ó ní wọ́n á yọjú tó bá di ọjọ́ Ẹtì.

"Ẹ ṣeun," Ìyá Agbẹ̀bí sọ. "Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín?"

Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni nǹkan kejì ṣẹlẹ̀. Oòrùn ti lé gbogbo èèyàn wọlé. Àwọn ọmọdé wà nílé ìwé. Kò sí ọkọ̀ lójú títì, kò sí rédíò tó ń sọ̀rọ̀. Ìyàwó lọ sẹ́yìnkùlé láti fa omi tó máa fi wẹ ọmọ. Ó sọ garawa sínú kànga.

Kó. Kó. Kó.

Ó dúró. Ó wo ẹ̀yìn. Kò sí ẹnì kankan. Ó fa okùn náà sókè díẹ̀, ibi gbogbo sì dákẹ́. Ó tún sọ ọ́ sílẹ̀.

Kó. Kó. Kó.

Ó so okùn mọ́ òpó, ó rọra rìn wọlé. Kò sáré. Ó sọ fún mi pé ńṣe ló dà bíi pé bí òun bá sáré, nǹkan náà máa mọ̀.

"Màmá."

"Kí ló dé?"

"Ẹnì kan ń kanlẹ̀."

"Níbo?"

"Lábẹ́ ẹsẹ̀ mi."

Ìyá Agbẹ̀bí kò rẹ́rìn-ín, kò sì sọ pé irọ́ ni. Ó tẹ̀ lé e. Ó dúró lẹ́bàá kànga, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀.

"Sọ ọ́ sílẹ̀."

Kó. Kó. Kó. Ó gbọ́ ọ. Ó sì mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀.

"Fà á sókè."

Kẹ́kẹ́ pa.

"Tún sọ ọ́ sílẹ̀. Jẹ́ kó kan omi."

Garawa kan omi. Lọ́tẹ̀ yìí, ìró náà kò dúró lórí mẹ́ta. Ó ń tẹ̀ léra wọn, kókókókó, bí ìgbà tí èèyàn bá ń lu ilẹ̀kùn ilé tó ń jó láti jí àwọn tó sùn sínú rẹ̀. Alángbá tó wà lára ògiri kànga já bọ́, ó sá lọ. Ìyá Agbẹ̀bí gba okùn lọ́wọ́ Ìyàwó, ó fà á, ó da omi náà nù. Ìró dúró. Ó gbé pákó bo kànga, ó gbé búlọ́ọ̀kù méjì lé e.

"Màmá, kí nìyẹn?"

"N kò mọ̀," ni èsì rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ yé mi."

Ó wọ bàtà rẹ̀. Ilé mọ́kànlá náà ló yà sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò mẹ́nu ba kíkanlẹ̀. Ohun tó sọ ni pé katakata ti ṣe páìpù àwọn léṣe, kí ẹnikẹ́ni má mu omi kànga, kí wọ́n má fi fọ abọ́, kí wọ́n má fi fọ ẹnu, títí òun ó fi padà wá. Ọkùnrin kan gbé ife tó ti bu omi sí sókè sí i.

"Màmá, ẹ wò ó. Ó mọ́ kedere."

"Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, onígbáméjì jà," Ìyá Agbẹ̀bí dá a lóhùn. "Mo gbẹ̀bí ìyá mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, a ti sin gbogbo wọn. Omi tí wọ́n mu mọ́ ju èyí lọ."

Ọkùnrin náà da omi inú ife sílẹ̀. 

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ̀ omi kan ti dúró níwájú ilé náà. Ìyá Agbẹ̀bí ló gbẹ̀bí àwọn ọmọ awakọ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní òun á máa wá láràárọ̀ títí wọn ó fi tún nǹkan ṣe. Àwọn ilé mọ́kànlá náà tò sídìí rẹ̀. Kò sí ẹni tó jà, nítorí ẹni tó dúró níwájú wọn kò gbà wọ́n láyè àtijà.

Bí wọ́n ti tú ká tán ló wọ yàrá lọ mú ìwo rẹ̀.

Ìwo onígi kékeré ni, irú èyí tí àwọn agbẹ̀bí fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ inú. Apá kan rẹ̀ fẹ̀, apá kejì tẹ́ pẹrẹsẹ fún etí. Ó mú un lọ sí apá ọ̀tún ilé. Ó kúnlẹ̀, ó gbé e lé ilẹ̀, ó fi etí lé e.

Télọ̀ tó ń gbé lódìkejì títì rí i láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. "Màmá, ṣé ilẹ̀ ti lóyún ni?"

"Jẹ́ kí n gbọ́ ná."

Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà sì gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó wọlé, ó tilẹ̀kùn.

Lákọ̀ọ́kọ́ kò gbọ́ nǹkan kan. Ó sún ìwo náà síwájú. Ó tún sún un. Nígbà náà ló gbọ́ ọ, ó jìn, ó ń falẹ̀.

Ra… ra… ra… Pàtì.

Ó mọ ìró yẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ ògiri á mọ̀ ọ́n. Ẹni náà ń bu amọ̀ tútù, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkan, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ. Kò kánjú. Kò sì sinmi. Ìró ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú ni, tí kò tún ń wo iṣẹ́ náà lójú kó tó ṣe é. Ìyá Agbẹ̀bí sọ fún mi pé ohun àkọ́kọ́ tó wá sí òun lọ́kàn, kí ẹ̀rù tó dé, ni pé: ẹni yìí mọṣẹ́.

Òrùka ọwọ́ rẹ̀ kan ara ìwo. Kín-ín.

Nísàlẹ̀, iṣẹ́ dúró.

Ó di èémí mú. Ó mọ̀ pé bí òun ṣe ń gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ náà ló ń gbọ́ òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà bó ṣe máa ń ka ìlùkìkì ọkàn ọmọ.  Ó ka ogójì.

Ra… ra… ra… Pàtì.

Iṣẹ́ tún ń lọ.

Ẹ̀rù bà á o. Kò sọ fún mi pé kò ba òun.  Ṣùgbọ́n ó fi ìwo náà wá ibi tí ìró ti dún jù. Kì í ṣe ibi tí ilẹ̀ ti tutù. Ó kọjá ibẹ̀ ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí ìsàlẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ sókàwéè tó kọjú sí kànga. Ó kan èèkàn kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ó rọra kàn án, bí ẹni tí kò fẹ́ dí ẹnì kan lọ́wọ́.

Nígbà tó wọlé, ó ní kí Ìyàwó kó ẹrù ọmọ, kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ ìyá tó bí Ìyàwó títí ọ̀rọ̀ yìí ó fi yanjú.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá?"

"Ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ nínú ilé mi. N kò lè fi í sílẹ̀ lọ."

Ìyàwó wo ojú rẹ̀ títí. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, èmi náà kò lọ."

Ìró náà kò dáwọ́ dúró ní gbogbo ọjọ́ kejì, tí í ṣe Ọjọ́bọ̀. Bí wọ́n bá dákẹ́ ọ̀rọ̀ nínú ilé, wọ́n á gbọ́ ọ láìlo ìwo, bí ìgbà tí eku bá ń rìn lábẹ́ ẹní. Ọmọ tuntun, tí kì í sùn ju wákàtí kan lọ tẹ́lẹ̀, sùn láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Ní kùtùkùtù ọjọ́ Ẹtì, bí ojúmọ́ ṣe ń mọ́, ó dúró. Ìyàwó ní bó ṣe dúró yẹn gan-an ló jí òun.

Aago mẹ́sàn-án ni àwọn oníwáyà dé. Fómàn kò tíì bọ́ sílẹ̀ dáadáa tó ti ń sọ̀rọ̀.

"Màmá, a kò fọwọ́ kan páìpù kankan o. Sókàwéè tó ti gbó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀."

 Ìyá Agbẹ̀bí kọjá lára rẹ̀, ó lọ bá ẹni tó ń wa katakata, tó fara ti ọkọ̀ tó ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Ìwọ lo wà lórí ẹ̀rọ. Kí lo gbọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

Awakọ̀ náà fi bàtà ha iyẹ̀pẹ̀.

"N kò bá ọ jà," ló wí. "Ọmọ tuntun wà nínú ilé yìí. Ilé mọ́kànlá ló ń mu kànga tó wà lẹ́yìn yẹn. Kí lo gbọ́?"

"Mo gbọ́ 'gbà', Màmá." Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. "Ó gbọ̀n mí lọ́wọ́. Mo dúró. Wọ́n ní kí n máa lọ."

  Fómàn lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó mú ṣọ́bìrì méjì wá, ó fún lébìrà ní ọ̀kan, ó mú èkejì fúnra rẹ̀. Ohun tó mú mi bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin náà nìyẹn. Kò wá àwáwí kejì.

Wọ́n gbẹ́ ibi tó tutù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí páìpù. Eyín katakata ti fà á ya, ó ti wọ́ ọ kúrò ní àyè rẹ̀, orí rẹ̀ sì ti já kúrò lára ògiri sókàwéè. Wọ́n ṣí kọnkéré orí sókàwéè. Fómàn tan iná fóònù rẹ̀ sínú rẹ̀. 

"Màmá, ògiri ti là." Ó nu ojú rẹ̀. "Nígbà tí páìpù fà, ó fa ògiri dání. Ẹ̀gbẹ́ ti ìsàlẹ̀ ló là. Apá mi lè gba ibẹ̀ wọlé."

"Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí kànga?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ ti lọ síbẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun." Ó tún wolẹ̀. "Ṣùgbọ́n kò dín. Kò lọ síbì kankan. Nǹkan kan dí i láti ìta."

Ìyá Agbẹ̀bí tọ́ka sí èèkàn rẹ̀. "Ẹ gbẹ́ ibí. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi gbẹ́ ẹ. Ẹ rọra."

Lébìrà onírùngbọ̀n ló wọ ibẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń gbẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ náà le, dígà ń ta padà. Gbòǹgbò igi kan tó nípọn bí ọrùn ọwọ́ gba ibẹ̀ kọjá, kò sí ojú ọgbẹ́ lára rẹ̀. Nígbà tí kòtò kàn án láyà, ó dúró, ó gbójú sókè.

"Ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ ilẹ̀ yìí rí," ó sọ. "Kì í ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe láyé mi."

Ó fi ọwọ́ gbá iyẹ̀pẹ̀ tó kù kúrò.

Amọ̀ ni. Ó tẹ́jú lára ògiri sókàwéè, ó bo ibi tó là náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó nípọn bí ìbú àtẹ́lẹwọ́. Ilẹ̀ àdúgbò náà pupa. Amọ̀ yìí dà bí eérú, ó ń dán. Wọ́n ti rẹ́ ẹ létí, wọ́n ti dán an, kò sí ihò, kò sí ibi tó wú. Ẹ̀kán omi kan kò gba ara rẹ̀ jáde. Lébìrà gbé ọwọ́ lé e, ó sì yára gbé e kúrò.

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Ìyá Agbẹ̀bí ní kí wọ́n ran òun lọ́wọ́. Wọ́n mú un sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé amọ̀ náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lóòótọ́, bí ara ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Ó rí ojú ìka lára rẹ̀, mẹ́rin mẹ́rin, tí wọ́n fà láti òsì lọ sí ọ̀tún, ìlà lórí ìlà. Ó gbé ìka tirẹ̀ sínú wọn. Wọ́n gùn ju tirẹ̀ lọ. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lórí ìka rẹ̀ ti yà sára amọ̀. Ti ìka àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn kò ní ìlà kankan. Ó dán bọ̀rọ́.

Ojú òde ni àwọn ìka náà wà. Ibi tó yẹ kí ẹni tó rẹ́ amọ̀ yẹn dúró sí, iyẹ̀pẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó le bí òkúta, gbòǹgbò igi sì gba àárín rẹ̀ kọjá.

 Awakọ̀ katakata lọ jókòó sójú títì.

"Iṣẹ́ gidi nìyí," Lébìrà sọ níkẹyìn, wẹ́rẹ́. "Mo mọ birikilà tó pọ̀. N kò mọ èyí tó lè ṣe irú ẹ̀."

Ìyá Agbẹ̀bí ní kí wọ́n fa òun sókè. Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò láṣọ. Ó gbé ìwé àjákọ fún Fómàn.

"Kọ ohun tó o rí."

"Màmá, báwo ni kí n ṣe kọ ọ́?"

"Kọ páìpù. Kọ ògiri. Kọ ọjọ́ àti aago, kọ pé ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́, kó o fọwọ́ sí i. Èyí tó kù, má kọ ọ́."

Ó kọ ọ́.  Ìyá Agbẹ̀bí kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kó tún orúkọ iléeṣẹ́ wọn kọ kó hàn. Lọ́jọ́ náà gan-an ló ránṣẹ́ pe wolé-wolé. Ó dúró tì í bó ṣe ń bu omi kànga sínú ìgò, ó sì rí i pé ó lẹ ìwé mọ́ ọn lẹ́nu. Èsì dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Omi náà mọ́ tónítóní. Àwọn ará ilé mọ́kànlá gbé garawa dé. Ó dá wọn padà. Ó ní àyẹ̀wò kan kò tó òun, kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n kùn díẹ̀, wọ́n sì padà sídìí ọkọ̀ omi. Ẹ̀ẹ̀kejì náà mọ́.

Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, iléeṣẹ́ oníwáyà fi ọkọ̀ fa ìdọ̀tí inú sókàwéè gbẹ, wọ́n ri páìpù tuntun, wọ́n sì rán birikilà wá mọ ògiri mìíràn láti inú. Birikilà fẹ́ fi ṣọ́bìrì ha amọ̀ náà dànù. Lébìrà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má fọwọ́ kan iṣẹ́ oníṣẹ́."

Wọ́n fi í síbẹ̀. Wọ́n mọ búlọ́ọ̀kù sẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ da iyẹ̀pẹ̀ bo kòtò, gbogbo wọn dúró yí i ká: Fómàn, awakọ̀, lébìrà, Ìyàwó tó pọn ọmọ. Télọ̀ pàápàá dá títì kọjá. Lébìrà ti bu ṣọ́bìrì àkọ́kọ́. Ìyá Agbẹ̀bí gbé ọwọ́ sókè pé kó dúró. Ó kúnlẹ̀ létí kòtò. Ó tẹ orí sílẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí sínú ilẹ̀. "Ẹ ṣeun. Ọmọ kò ní í ṣàìsàn, àgbà kò ní í ṣàìsàn. Ẹ kú iṣẹ́."

Afẹ́fẹ́ dúró. Ọmọ ẹ̀yìn Ìyàwó yí orí sápá kan, bí ẹni tí wọ́n pè.

Ìdáhùn wá. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo bá sọ̀rọ̀ ló gbọ́ ọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó gbà láti sín in jẹ fún mi. Wọ́n ní kì í ṣe inú kòtò ló ti wá. Ó ti jáde lábẹ́ ilé náà. Wọ́n gbọ́ ọ ní ìsàlẹ̀ títì, lẹ́yìn náà lọ́nà jíjìn díẹ̀, lẹ́yìn náà lọ́nà jíjìn sí i, lábẹ́ ilé lẹ́yìn ilé, bí ìgbà tí oníṣẹ́ bá kó irinṣẹ́ rẹ̀ tó ń bá tirẹ̀ lọ. Ó kọjá ibi tí wáyà dé. Ó kọjá ibi tí katakata ti gbẹ́ dé.

Fómàn fa bébà kan yọ lápò. Àwòrán ọ̀nà tí wọ́n á gbà ri wáyà ni. Ó wo bébà náà, ó wo apá ibi tí ìró náà gbà lọ, ó tún wo bébà.

"Ibẹ̀ ló kàn wá lọ́la," ló sọ.

"Ẹ ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ bóyá wọ́n mọ ibi tí páìpù wọn gbà?"

"Rárá, Màmá."

Ìyá Agbẹ̀bí dìde. Ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bọ́ sójú títì. Fómàn tẹ̀ lé e lẹ́yìn.